ÌPOLÓWÓ ORÍ FÓÒNÙ: OWÓ Ń LỌ, ỌJÀ Ò TÀ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìgbálẹ̀, kì í sì í ṣe ti iná tí wọ́n já. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà lórí fóònù ni. Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n dá a lábàá pé kí oníkálùkù wa dá ẹgbẹ̀rún méjì náírà (₦2,000), kí a fi san owó fún ọmọkùnrin kan tí yóò máa gbé ọjà wa sí Facebook àti Instagram fún oṣù mẹ́ta. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù, àwọn kan ní ẹgbẹ́ fẹ́ jẹ owó ni. Ìyálọ́jà ní kí èmi akọ̀wé kọ ohun tí mo bá rí sí i sínú ìwé yìí, kí gbogbo wa kà á kí a tó tún pàdé. Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dìde sọ tirẹ̀ níjọ́ ìpàdé.

Mi ò sọ pé ká má polówó o. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì purọ́. Àwọn ọmọ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń ta aṣọ láti orí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ìyá wọn, àwọn ló ń gba oníbàárà wa lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n ti ń ra ohun tí wọ́n ń tà. Aṣọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rà lọ́wọ́ mi ní àárọ̀, ó ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé e tà kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù ló fi ṣe é. Fóònù ń tajà, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ló dé tí tiwa kì í tà?

Lójú tèmi, kì í ṣe pé owó tí a ná sí i ò pọ̀ tó. Àṣìṣe inú ìpolówó náà ló pọ̀. Tí a bá san ẹgbẹ̀rún méjì láì tún un ṣe, àṣìṣe kan náà la ó san owó fún pé kí wọ́n gbé kiri ìlú fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn mí jù. Ọ̀kan nínú wa ní ìlà aṣọ ló ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò ní dárúkọ, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ kí àwọn yòókù lè fi kọ́gbọ́n. Ó ya fọ́tò léèsì àwọ̀ àlùbọ́sà kan, ó gbé e sí status. Obìnrin kan láti Ìlọrin rí i, ó ní àwọ̀ náà gan-an ni òun ń wá fún aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ òun. Ó ra ogójì. Owó wọlé, àlẹ́ẹ̀tì dún, gbogbo ìlà bá a dúpẹ́. Ẹrù dé Ìlọrin, obìnrin náà tú u, aṣọ tó bá níbẹ̀ kò jọ ti inú fọ́tò. Gèlè tí wọ́n ti rà kalẹ̀ kí ó lè bá a lọ kò bá a mu mọ́. Kí ló fà á? Abẹ́ agboòrùn pupa ló ti ya fọ́tò. Ẹ̀yin náà mọ agboòrùn ńlá wa. Oòrùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì da pupa sára gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú wa tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ó ti mọ́ ọn lára, kò rí i mọ́. Fóònù rí i. Wọ́n dá aṣọ náà padà, owó ọkọ̀ àlọ, owó ọkọ̀ àbọ̀, èyí tí wọ́n sì ti gé nínú rẹ̀ ò ṣe é tà mọ́. Owó ilé ìwé ọmọ ló bá a lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé obìnrin Ìlọrin náà to fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó gbé e sí Facebook. Kò kọ orúkọ ẹni tó tà á fún un. Orúkọ ọjà wa ló kọ.

Ṣé ẹni wa purọ́ ni? Kò purọ́. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yà. Ìkánjú ni mo ń bá wí. Ẹni tó fẹ́ ya aṣọ, kó gbé e kúrò lábẹ́ agboòrùn, kó gbé e kúrò lábẹ́ tapólíìnì búlúù, kó má sì yà á lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn bí epo pupa. Ẹ̀bá ògiri níta, níbi tí oòrùn ò ti kan aṣọ náà tààrà, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, ibẹ̀ ló dáa jù. Kí ẹ fi bébà funfun kan lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Tí bébà yẹn bá funfun nínú fọ́tò bó ṣe funfun lójú yín, àwọ̀ aṣọ náà á sún mọ́ òtítọ́. Tó bá pọ́n, tàbí tó rí bíi búlúù, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un yà. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ohun tí wọ́n ń pè ní filter sí i. Nǹkan tó ń mú ojú ènìyàn dán yẹn, ó ń pa àwọ̀ aṣọ dà.

Síbẹ̀, bó ti wù kí a yà á dáa tó, fóònù tèmi àti fóònù oníbàárà kì í fi àwọ̀ hàn bákan náà. Nítorí náà aṣọ ẹbí, tó bá ti ju mẹ́wàá lọ, ẹ gé èyí tó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí i kó fi ojú ara rẹ̀ rí i kó tó san owó tó pọ̀. Ó lè gba ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì dára ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni wa lọ.

Èyí tó tẹ̀lé e ni fọ́tò àyálò. Ẹ ti rí i. Ẹnì kan á lọ mú fọ́tò aṣọ òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹni tó ni ín ṣì wà ní igun ìsàlẹ̀, á gbé e sórí tirẹ̀ pé "Ó wà nílẹ̀ o." Ó wà nílẹ̀ níbo? Tí oníbàárà bá dé, a ó wá máa sá káàkiri ìlà láti wá èyí tó jọ ọ́. Ẹni tó mọ sányán yàtọ̀ sí ẹtù kò nílò kí n sọ fún un pé ohun tó jọra kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀tun tó tún dé ni fọ́tò tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní AI. Ọmọ kan mú ọ̀kan wá pé kí n wò ó, obìnrin tó wé gèlè ló wà níbẹ̀. Ó dára o, ó ń dán. Mo wá wò ó dáadáa. Gèlè náà kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní etí, ìṣẹ́po kan ń wọ inú òmíràn bí omi. Kò sí ọwọ́ tó lè wé e. Obìnrin náà sì ní ìka mẹ́fà. Oníbàárà tó mọ gèlè, kí ni yóò rò nípa ọjà tó gbé irú ẹ̀ jáde? Gèlè tiwa wà nílẹ̀, orí wa náà wà nílẹ̀. Ẹ wé e, ká yà á.

Ní ọdún 2022, ARCON, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìpolówó tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Nàìjíríà kò gbọdọ̀ lo àwòrán tàbí ohùn àjèjì mọ́, ọmọ ilẹ̀ wa ni kí wọ́n máa lò. Gbogbo ènìyàn rò pé iléeṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ mo mọ ìsọ̀ mẹ́ta nínú ọjà wa tó jẹ́ pé òyìnbó tó wọ bùbá ni wọ́n fi ń polówó aṣọ títí di àná.

Ó wá kan èyí tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe, mi ò sì ní yọ ara mi sílẹ̀, nítorí mo wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ìparí ọdún tó kọjá ni. Kí ló wà lórí rẹ̀? Fọ́tò Ìyálọ́jà, fọ́tò akápò, fọ́tò tèmi tí mo wé gèlè ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi, àmì ẹgbẹ́, àdúrà ọdún tuntun, nọ́ńbà fóònù ènìyàn márùn-ún, àti ọjà mẹ́rìnlá: léèsì, àǹkàrá, bàtà, báàgì, èlùbọ́, irú, ẹja gbígbẹ, abọ́, ọṣẹ dúdú, mi ò rántí ìyókù. Gbogbo rẹ̀ kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní tàwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àwa náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú, a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún (86) ló tẹ "like" sí i. Inú wa dùn. Mo wá jókòó lọ́jọ́ kan, mo ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àwa ni, àwọn ọmọ wa, àwọn àna wa. Kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ tó béèrè pé èló ni. Ìgbà tí mo tún kà á lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí i pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, a gbàgbé láti kọ ìlú tí ọjà wa wà.

Fóònù kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Pátákó tí ẹ ń gbé sí ẹnu ọ̀nà lè gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, torí ẹni tó fẹ́ kà á lè dúró. Ẹni tó ń wo fóònù, àtàǹpàkò ló fi ń tì í sókè lọ, bí ẹni tó jókòó sínú dáńfó tó ń wo ìta. Ohun tí kò bá gbá a lójú, ó ti kọjá. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ yọ awò ojú yín, ẹ na ọwọ́ tó di fóònù mú síwájú. Tí ẹ ò bá lè sọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, oníbàárà náà ò lè sọ ọ́. Nígbà kan, Facebook fúnra wọn kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó wà lára fọ́tò ìpolówó ju ìdá kan nínú márùn-ún fọ́tò náà lọ. Ọdún 2020 ni wọ́n gbé òfin yẹn kúrò. Òfin lọ, àmọ́ ojú ènìyàn ò yí padà. Ọjà kan, fọ́tò kan. Ìlà ẹlẹ́ja ní ọjọ́ tirẹ̀, ìlà aláṣọ ní ọjọ́ tirẹ̀. Ojú àwa olóyè, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, àwa kọ́ là ń tà.

Ti nọ́ńbà márùn-ún yẹn náà ń kọ́? Ẹyọ kan tó, èyí tó wà lórí WhatsApp, tí ẹni tó ni ín sì máa ń dáhùn. Ẹ má kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ fún ara wa. Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà tó fẹ́ ra aṣọ òkè, tó bá tẹ 080 kò ní wọlé. Ẹ yọ òdo iwájú, ẹ fi +234 rọ́pò rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iye owó. Mo mọ̀ pé a ó jà lórí èyí. Ohun tí ẹ ń kọ ni "Ẹ pè fún iye rẹ̀" tàbí "Ẹ wá sí inbox." Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á rí iye tí ẹ kọ, á yọ igba náírà kúrò lórí tirẹ̀. Ojoojúmọ́ sì ni iye owó ń yí padà, ẹni tó kọ ọ́ lánàá lè jẹ gbèsè lónìí. Ìdí kẹta, tí a kì í sọ síta, ni pé a fẹ́ wo ojú oníbàárà, ká wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ká tó dá iye lé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín, gbogbo wa la ń ṣe é.

Àwọn ìdí yìí ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà. Nínú ọjà, ó béèrè pé èló ni, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ó ní ẹ gba báyìí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kó fi kún un, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, ẹ pè é padà. Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọjà ń tà. Lórí fóònù, ó béèrè pé èló ni ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ń ta fún ẹlòmíràn lọ́wọ́, aago mẹ́ta ni ẹ tó rí i. Ó ti rà á níbòmíràn. Kì í ṣe pé tiyín wọ́n o, ẹ kàn dákẹ́ ni. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní béèrè rárá. Ohun tí wọn ò kọ iye sí lára, ó ti gbà pé ó ju agbára òun lọ.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018, abala 115 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà fún títà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn, kò sì gbọdọ̀ gbà ju èyí tó fi hàn lọ. FCCPC ni orúkọ àjọ tó ń mójú tó o. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín, mi ò tí ì rí ẹni tí wọ́n mú ní ìlà wa. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Ohun tí mo rò pé ó bá wa mu ni pé kí ẹ kọ iye, kí ẹ kọ ọjọ́ mọ́ ọn. Gàrí Ìjẹ̀bú, kóńgò kan, iye báyìí, ti òní Ọjọ́rú. Àǹkàrá yáàdì mẹ́fà, iye báyìí, títí di ọjọ́ Sátidé. Tí Sátidé bá kọjá, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ kó wá di ẹjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè ṣe kí ẹ má ná ọjà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá rà ju mẹ́wàá lọ á rí ẹ̀dínwó gbà. Ìná ọjà ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ti aládùúgbò tó ń yọ igba náírà, ẹjọ́ ẹgbẹ́ nìyẹn, ẹ gbé e wá sípàdé.

Ẹ tún jẹ́ ká rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń kiri. Ẹlẹ́kọ kì í kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ohun tó rù. Orúkọ ọjà ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni bó ṣe gbóná tó. Ẹni tó ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ti gbọ́, ó ti ń tú aṣọ tó di owó mọ́. Ọmọ tí wọ́n rán ti bọ́ síta kí ẹlẹ́kọ tó kọjá ilé kẹta. Ẹ wá wo fídíò tiwa. "Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé dáadáa la jí, a kú oríire oṣù tuntun, Ọlọ́run ò ní fi wá sílẹ̀." Ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan là ń rí. Ìṣẹ́jú kan ti kọjá, a ò tí ì mọ̀ bóyá bàtà ló ń tà ni àbí ẹ̀fọ́. Àdúrà dára, èmi náà ń ṣe àmín sí i, àmọ́ ẹ gbé e sí ìparí. Ọjà ni kó kọ́kọ́ yọjú, kí ọwọ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹ na aṣọ náà, ẹ yí i padà kí wọ́n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹja gbígbẹ náà sí méjì kí wọ́n gbọ́ bó ṣe gbẹ tó.

Mo ní kí wọ́n gbọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí ohùn. Wọ́n wà ní ọ́fíìsì, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ tó ń sùn, àwọn mìíràn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Lórí Facebook, fídíò lè máa lọ láìsí ohùn títí ẹni tó ń wò ó á fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ẹ kọ orúkọ ọjà àti iye rẹ̀ sára fídíò náà. Ẹ má kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni orúkọ yín àti àwọn bọ́tìnnì ti ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Orin olórin tí ẹ ń fi sí i náà, ẹ ṣọ́ra. Orin náà ní olówó, Facebook àti Instagram lè gba ohùn kúrò nínú fídíò yín nítorí rẹ̀, ẹ ó wá di ẹni tó ń ya ẹnu lásán.

Ẹ sì máa sọ nǹkan tó wúlò. "Ọjà wa ló dáa jù," ta ni kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ ibi tí iṣu èlùbọ́ yín ti wá, ẹ sọ ọjọ́ tó gbẹ, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n rí i pé kò ní iyanrìn. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ ní ìsọ̀. Òyìnbó tí àwọn ọmọ ń kọ sí i fún wa, àwa tí à ń tà á ò gbọ́ ọ délẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra irú náà kò béèrè fún un.

"Ó ku méjì péré" yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ ní ọdún Iléyá, ó ṣì ku méjì ní Kérésìmesì.

Ti status WhatsApp, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Wákàtí 24 ló ń lò, á sì parẹ́. Bí a ṣe sábà máa ń lò ó, àwọn tó ti tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù wọn, tí ẹ̀yin náà sì ní tiwọn, ni wọ́n ń rí i. Oníbàárà tó ra nǹkan lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, tí kò tọ́jú nọ́ńbà yín, kò ní rí nǹkan kan, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún fọ́tò lẹ gbé síbẹ̀. Ara ilé lẹ ń polówó fún. Nítorí náà, kí ẹ tó di ọjà fún un, ẹ ní kó tọ́jú nọ́ńbà yín níṣojú yín, kí ẹ tọ́jú tirẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé ogójì fọ́tò síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ilà tó wà lókè á wá gé wẹ́wẹ́ bí ojú ìránṣọ, ẹni tó bá rí i á fò ó ni. Márùn-ún tó. WhatsApp Business, èyí tó jáde ní ọdún 2018, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè pàtẹ ọjà síbẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, kì í parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Mo béèrè ní ìlà méjì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta péré ló ń lò ó.

Ẹ̀yin tó ń ta ìpara àti àgbo, tiyín kúrú. Ẹ má kọ ọ́ pé ó ń wo gbogbo àrùn. NAFDAC kò gbà kí a máa polówó ohun tí kò ní nọ́ńbà wọn, fọ́tò tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé síta ni wọn ó sì fi ṣe ẹ̀rí.

Ó wá ku owó tí wọ́n ní ká dá. Mi ò fara mọ́ ọn bó ṣe wà yìí. Ọmọkùnrin náà kò mọ léèsì yàtọ̀ sí àǹkàrá. Ọ̀dọ̀ wa ló ti máa gba fọ́tò, fọ́tò abẹ́ agboòrùn pupa náà la ó sì kó fún un. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ni pé nọ́ńbà tirẹ̀ àti email tirẹ̀ ló fẹ́ fi ṣí ojú ìwé ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tí òun àti àwa bá ní aáwọ̀, ojú ìwé náà á bá a lọ tòun ti gbogbo oníbàárà tó wà níbẹ̀. Ta ni nínú wa tó máa kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ rẹ̀ fún àlejò láì ní ẹyọ kan lọ́wọ́?

Èyí tí mo dá lábàá ni pé kí a dá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà (₦500). Kí a fi ra aṣọ funfun tí a ó máa ta sẹ́yìn ọjà, àti ohun tí a ń gbé fóònù lé kó má bàa gbọ̀n. Ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, oòrùn kì í kan ibẹ̀ títí di aago mọ́kànlá, ibẹ̀ ni ká sọ di ibi tí a ti ń ya fọ́tò. Àwọn ọmọ wa obìnrin méjì tó ti jáde níwèé, tí wọ́n mọ fóònù tí wọ́n sì mọ ọjà, kí wọ́n máa yà á fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, ká sì máa fún wọn ní owó oúnjẹ. Kí ẹgbẹ́ ra káàdì SIM tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú ìwé náà wà lọ́wọ́ akápò àti lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ẹnì kan má dá a mọ̀. Kí gbogbo wa máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá rajà pé níbo ló ti gbọ́ nípa wa, kí á fi ìlà sí ìwé fún ẹni tó bá ní orí fóònù ni. Lẹ́yìn oṣù méjì, a ó ka àwọn ìlà náà. Tí wọ́n bá pọ̀, mo máa kọ́kọ́ dá ẹgbẹ̀rún méjì tèmi sílẹ̀, ká fi san owó fún Facebook kí wọ́n gbé e síwájú. Nígbà yẹn náà, a ó yan ẹni tí a fẹ́ kó rí i, torí wọ́n máa ń jẹ́ ká yan ìlú. Kò sí ìdí tí a ó fi sanwó kí ará Màídúgúrì rí tòmátì wa. Aṣọ òkè, ìyẹn lè dé Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn ọ̀dọ́ inú wa á sọ pé akọ̀wé ti dàgbà, kí ló mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sọ ibi tí mo ti ṣì í, màá kọ ọ́ sínú ìwé tó ń bọ̀.

Fọ́tò obìnrin Ìlọrin náà ṣì wà lórí Facebook. Mo wò ó lánàá, àwọn ènìyàn ṣì ń pín in kiri. Ìyálọ́jà ti pè é, ó bẹ̀ ẹ́, obìnrin náà ní òun á rò ó.

Ìpàdé wa ni Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ẹni wa tó ta aṣọ náà ti gbà láti mú ìyókù rẹ̀ wá pẹ̀lú fọ́tò tó yà, kí ojú gbogbo wa rí i. Ẹ mú fóònù yín dání, ẹ sì cháàjì rẹ̀ láti ilé, torí iná gbọ̀ngàn ò dájú.

Èmi ni akọ̀wé yín.